Ẹ́ńjìnnì Tí Kì í Mu Omi

Ní ìlú olókè bí Atakpamé wa yìí, ooru ni ọ̀tá ẹ́ńjìnnì. Volkswagen Combi, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì ní ọdún 1950, kò ní rédíétọ̀: atẹ́gùn ló ń tù ú lára. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò níbẹ̀ ní ọdún 1975.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí kò mu omi kò bèèrè ìtọ́jú. Èrò yìí ló ń pa á. Fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn páànù tó bo ẹ́ńjìnnì ló ń darí rẹ̀ sára sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí a bá ju páànù kan nù nígbà àtúnṣe, atẹ́gùn á gba ibòmíràn lọ, ọkọ̀ á sì dẹnu kọlẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe nílé, kó kọ́kọ́ yọ wáyà bátìrì. Kó ya àwòrán gbogbo rẹ̀ kó tó tú u, kó sì kó nọ́ọ̀tì apá kọ̀ọ̀kan sínú agolo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kó fọ ìdọ̀tí tó há sára sìlíńdà. Kó má gbàgbé ọ́ìlì: nǹkan bíi lítà méjì àbọ̀ péré ló ń gbà, òun náà sì ń gbé ooru kúrò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kí ẹ tó sọ pé irin kan kò wúlò, ẹ kọ́kọ́ wádìí iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí a ṣe ń jogún ọkọ̀ àwọn bàbá wa, ẹ jẹ́ kí á jogún ìmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.