Kung fu aláwàdà: ìjà tí kò nílò ògbufọ̀

Kung fu aláwàdà ni irú fíìmù Ṣáínà tí ìjà àti ẹ̀rín ti jọ ń jẹun nínú àwo kan. Akọni inú rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ojú rẹ̀ le. Ọ̀lẹ ni, tàbí wọ̀bìà, tàbí ọmọ aláìgbọràn tí í kọ́kọ́ sá bí ìjà bá dé. Yóò fi àpótí ìjókòó gba ẹ̀ṣẹ́, yóò yọ̀ ṣubú lu ọ̀tá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹnu yóò sì ya òun fúnra rẹ̀ pé òun ló borí. Hong Kong ni irú fíìmù yìí ti ṣẹ̀ wá, láàárín ọdún 1975 sí 1985 ló sì gbilẹ̀ jù. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, títí dé Kábà àti ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogi, “fíìmù Jackie Chan” ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́, Jackie Chan ìbáà wà nínú rẹ̀ tàbí kó má sí.

Kí àwàdà tó wọ̀ ọ́, Bruce Lee ló ni ojú agbo. The Big Boss ti ọdún 1971 àti Fist of Fury ti 1972 ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Éṣíà. Ó kú ní 20 oṣù Keje 1973, ní ẹni ọdún 32, àwọn tó ń fi sinimá ṣòwò sì bẹ̀rẹ̀ sí wá arọ́pò kiri. Olùdarí kan, Lo Wei, fẹ́ fi Jackie Chan ṣe Bruce Lee kejì nínú New Fist of Fury ní 1976, ṣùgbọ́n ọjà náà kò tà. Ẹni tí Ọlọ́run dá ẹ̀rín sí lójú ni wọ́n ní kó máa lejú koko! Ní 1978, Lo Wei yá a fún ilé-iṣẹ́ Seasonal ti Ng See-yuen, níbi tí Yuen Woo-ping ti darí rẹ̀ nínú fíìmù méjì léraléra, Snake in the Eagle's Shadow àti Drunken Master. Àwọn méjèèjì ló mówó wọlé. Chan ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ńṣe lòun dojú gbogbo ìṣe Bruce Lee délẹ̀: bí ẹsẹ̀ Lee bá lọ sókè, tòun a lọ sísàlẹ̀, bí Lee bá gbá ènìyàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ tí kò ṣe bí ẹni pé ó dun òun, òun a máa fẹ́ atẹ́gùn sọ́wọ́, a sì máa yínmú.

Òótọ́ ni pé òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lau Kar-leung ti ṣe The Spiritual Boxer ní 1975, Sammo Hung, ọkùnrin sísanra tí í fò bí ológbò, sì ṣe Enter the Fat Dragon ní 1978 kan náà.

Ìtàn Drunken Master yé ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rí. Wong Fei-hung tí ìtàn náà dá lé lórí jẹ́ ẹni gidi, oníṣègùn àti ọ̀gá kung fu ní Guangdong. Láti 1949 ni òṣèré kan, Kwan Tak-hing, ti ń ṣe é nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù bí àgbàlagbà ọlọ́gbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rí fín. Yuen Woo-ping wá sọ ọ́ di ọ̀dọ́ aláìgbọràn, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣe fíìmù nípa ọba ńlá kan, tó wá fi í hàn bí ọmọ tí ń jí ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀ ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fà á lé arúgbó ọ̀mùtí kan lọ́wọ́. Arúgbó náà so ó rọ̀ ní ẹsẹ̀ bí àdán, ó ní kó máa fi ife kékeré bu omi láti inú garawa ìsàlẹ̀ sínú èyí tó wà lókè. Ọmọ náà sá lọ. Lójú ọ̀nà ló pàdé apànìyàn kan tó nà án bí ẹni na aṣọ òkè, tó tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ìtìjú yẹn ló sì dá a padà sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọgbọ́n ìjà mẹ́jọ ni ọ̀gá kọ́ ọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ ẹni àìkú kan. Ó kọ́ méje, ó fi ìkẹjọ sílẹ̀ nítorí pé ti obìnrin ni, kò sì yẹ òun lọ́kùnrin. Nígbà tí ìjà ìkẹyìn dé góńgó, ìkẹjọ yẹn gan-an ló kù tó lè gbà á là, ó sì di dandan kó hùmọ̀ rẹ̀ lójú ìjà, pẹ̀lú ìdí jíjù àti ìrìn fáàrí.

Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí ti télọ̀ ní Kábà mọ ìyà inú ìtàn náà. Yóò gbálẹ̀, yóò pọnmi, yóò jíṣẹ́ fún ìyàwó ọ̀gá títí, kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan irinṣẹ́. Ọdún ń gorí ọdún kí ọjọ́ fúrídọ̀mù tó pé. Ohun tó mú kung fu aláwàdà yàtọ̀ sí ti Bruce Lee nìyí. Bruce Lee ti mọ ìjà jà kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ti aláwàdà, òǹwòran ń rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, ó ń fi ìyà ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì mọ iye tó ná an nígbà tó bá borí.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Kábà jẹ́ ìlú tí etí ń gbọ́ oríṣiríṣi. Owé ni èdè onílé, ṣùgbọ́n ará Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ ń wọlé wọ́n ń jáde, Ebira kò jìnnà, Haúsá àti Igala náà sì wà níbẹ̀. Níbi tí irú àwọn èèyàn wọ̀nyí bá ti jókòó ti tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, àwàdà ọ̀rọ̀ ẹnu yóò fi àwọn kan sílẹ̀ lẹ́yìn. Àwàdà ara kì í fi ẹnì kankan sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ya fíìmù wọ̀nyí ṣe gbé e kalẹ̀: ní Hong Kong ìgbà yẹn, wọn kì í sábà gba ohùn sílẹ̀ níbi ìyàwòrán, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń fi ti Mandarin, ti Cantonese tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì sí i. Ìdí nìyẹn tí ètè fi máa ń mì lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ti tán, tí ìyẹn náà sì di ẹ̀rín mìíràn tí olùdarí kò rò tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó bá ń sọ fíìmù àná fún ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fa Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ yọ. Ó kọjá fìrì, ó ṣubú gbì, àga fọ́ gbàgà: ohun tí yóò sọ nìyẹn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì parí ìyókù.

Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi ara takìtì pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Ní oṣù Kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton àti Richard Lander, òyìnbó arìnrìn-àjò, wo eré eégún kan ní Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn òṣèré wọ àpò, wọ́n ń takìtì nínú rẹ̀; ejò ńlá kan jáde; lẹ́yìn náà ni òyìnbó ayédèrú kan bọ́ sójú agbo, ara rẹ̀ funfun, ó ń fa áṣáà, ó ń rìn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ilẹ̀ rí. Clapperton alára gbà pé wọ́n sín òun àti irú òun jẹ dáadáa, ariwo ẹ̀rín àwọn èèyàn sì pọ̀. Irú eré bẹ́ẹ̀ ni alárìnjó gbé rìn láti ìlú dé ìlú, agbo ilé ọ̀jẹ̀ ló sì ń kọ́ ọmọ wọn ní òkìtì àti ijó láti kékeré. Ibi tí Jackie Chan, Sammo Hung àti Yuen Biao ti jáde kò yàtọ̀ púpọ̀ sí i: ilé ẹ̀kọ́ eré ìbílẹ̀ Ṣáínà tí Yu Jim-yuen dá sílẹ̀ ní Hong Kong, níbi tí wọ́n ti ń na ọmọ kí ó tó mọ òkìtì ta. Yuen Siu-tien, tó ṣe arúgbó ọ̀mùtí nínú Drunken Master, ni bàbá olùdarí fíìmù náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí Moses Ọláìyá, Baba Sala, gbé aago ńlá kọ́ ọrùn, tó sì wọ inú sinimá pẹ̀lú Ọ̀run Mooru ní 1982, ojú àwọn òǹwòran ti mọ́ aláwàdà tí aṣọ àti ìrìn rẹ̀ ti ń pani lẹ́rìn-ín kó tó lanu.

Ẹ̀ka kan wà níbi tí fíìmù náà ti kan ilé Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, ìyẹn ọ̀rọ̀ oògùn. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá, ọfọ̀ àti ayẹta ló ń ja ìjà. The Spiritual Boxer fi irú rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀: ẹlẹ́tàn kan ń purọ́ fún àwọn ará abúlé pé òrìṣà ń gun òun, pé idà kò lè ran òun, ó sì ń fi í gbowó. Ní ti òkú tí ń rìn, Mr. Vampire ti 1985 kó òkú jáde tí wọ́n na ọwọ́ síwájú, tí wọ́n ń fò tọ́ntọ́n, tí bébà tí wọ́n kọ ọfọ̀ sí bá sì wà níwájú orí wọn, wọ́n dúró gbagidi. Ẹ̀rù àti ẹ̀rín a máa bá ọmọdé lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ kámẹ́rà náà ní ipa tirẹ̀. Fíìmù ìjà Amẹ́ríkà máa ń gé àwòrán ní gígékúgèé láti bo òṣèré tí kò mọ ìjà. Ti Hong Kong a fà sẹ́yìn kí gbogbo ara lè hàn, a sì dúró pẹ́. Ní Project A, ọdún 1983, Chan já bọ́ láti orí ilé aago gba inú aṣọ ìbòòji méjì kọjá, èyí tó fi júbà Harold Lloyd, aláwàdà Amẹ́ríkà tó rọ̀ mọ́ ọwọ́ aago nínú Safety Last! ti 1923. Ìṣubú náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Níbi ìyàwòrán Armour of God ní Yugoslavia, ó já bọ́ láti orí igi, agbárí rẹ̀ sì fọ́.

Sinimá ìlú ńlá ló kọ́kọ́ gbé fíìmù wọ̀nyí wọ Nàìjíríà, pẹ̀lú ti Íńdíà. Káàsẹ́ẹ̀tì fídíò gbé wọn wọ pálọ̀ ní àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn náà ni àwo DVD tí wọ́n kó ogún fíìmù sí lójú kan dé, àdàkọ tí kò gbàṣẹ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Lónìí, StarTimes ti Ṣáínà ní ìkànnì kan tó ń jẹ́ ST Kungfu. Ilẹ̀ Áfíríkà náà ti ń dá tirẹ̀ ṣe: ní 2010, Isaac Nabwana ya Who Killed Captain Alex? ní Wakaliga, ní Kampala, ìjà kung fu wà nínú rẹ̀, aláwàdà kan sì ń fi ohùn ṣẹ̀fẹ̀ lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó kù síbi àṣìṣe ìyàwòrán. Chan rí i nínú The Cannonball Run, fíìmù Amẹ́ríkà ti 1981 tí òun náà kópa nínú rẹ̀, pé wọ́n fi àwọn àṣìṣe òṣèré sí ìparí, ó sì mú un lọ sílé, bẹ̀rẹ̀ láti Dragon Lord ti 1982. Bí orúkọ àwọn òṣèré ti ń gòkè lọ ni akọni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ borí ń tàsé òkìtì, tó ń fi orí gbá ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń fi yìnyín tẹ ojú rẹ̀ tó wú. Apá yìí ni àwọn ọmọdé ń dúró dè, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n yọ àwo náà kó tó tán.