Bí Alágbára Méjì Ṣe Pawọ́ Pọ̀ Lé Ìgbóná Lọ

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ń gbé Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò ní Alímòṣọ́ ni ó ní àpá kan lára tí àwọn ọmọ wọn kò ní. Kì í ṣe àpá abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tí a ń gún fún ọmọ tuntun. Àpá bíbupá ni, èyí tí a fi ń dènà ìgbóná. A kì í bupá fún ọmọ mọ́ lónìí, nítorí pé ìgbóná ti tán láàrin ènìyàn. Orílẹ̀-èdè méjì tí ń bá ara wọn ṣọ̀tá wà lára àwọn tí ó pawọ́ pọ̀ lé e lọ.

Àrùn búburú ni ìgbóná. Bí ó bá mú ènìyàn mẹ́wàá, ó lè pa mẹ́ta nínú wọn. Ẹni tí ó bá yè é yóò máa gbé àpá rẹ̀ kiri lójú. Òmíràn a sì fọ́jú. Ẹ̀rù rẹ̀ ba àwọn Yorùbá àtijọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í fẹ́ dárúkọ Ṣànpọ̀nná. Olóde ni wọ́n ń pè é.

Ní ọdún 1958, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń du ipò aṣíwájú ayé, olúkúlùkù sì ń kó ohun ìjà olóró jọ. Síbẹ̀, ní ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé tí a ṣe ní Minneapolis, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an, Viktor Zhdanov, aṣojú ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì, dábàá pé kí gbogbo ayé pa ìgbóná run. Ní 1959 àjọ náà gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì tún fi agbára kún iṣẹ́ náà ní 1967, D. A. Henderson, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó darí rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ó mú iṣẹ́ náà yọrí. Èkíní ni oògùn. Oògùn olómi àtijọ́ a máa tètè bàjẹ́ nínú ooru, ṣùgbọ́n èyí tí a gbẹ lè pẹ́ tó oṣù kan. Rọ́ṣíà ṣe é lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì fi í tọrẹ. Èkejì ni owó, ọkọ̀ àti òṣìṣẹ́: Amẹ́ríkà ran 20 orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ẹ̀kẹta ni ọgbọ́n. Ní oṣù Kejìlá 1966, oògùn kò tó fún William Foege àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n fi rédíò àwọn míṣọ́nárì béèrè abúlé tí àrùn wà, wọ́n sì bupá fún àwọn tí ó yí aláìsàn ká nìkan, bí àgbẹ̀ ti í ro etí oko rẹ̀ yíká kí iná má baà wọ̀ ọ́. Àrùn náà kò rí ibi kọjá.

Ní 1970 ìgbóná tán ní Nàìjíríà. Ali Maow Maalin, alásè ilé ìwòsàn kan ní Merca, ní Sòmálíà, ni ẹni ìkẹyìn tí ó ràn láàrin ìlú, ní oṣù Kẹwàá 1977. Ó sì yè é. Ní oṣù Karùn-ún 1980, àjọ náà kéde pé ìgbóná ti tán láyé.

Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà kò di ọ̀rẹ́ nítorí èyí. Títí di òní, ilé ìwádìí méjì péré ni a gbà láàyè láti tọ́jú kòkòrò ìgbóná: ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, èkejì ní Rọ́ṣíà, àjọ náà sì ń bẹ méjèèjì wò. Ẹni méjì lè máa jà sí ààlà ilẹ̀, ṣùgbọ́n bí iná bá ń bọ̀, odò kan náà ni wọn yóò jọ pọnmi.