Ìwọ̀n Oògùn fún Ọmọdé ní Àkókò Pàjáwìrì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá sáré gbé ọmọ tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ bọ́ wọ ilé ìwòsàn, àgbàlagbà tí ó di abẹ́rẹ́ mú ni ó gbọ́dọ̀ mọ oògùn, kí ó sì mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò rọrùn. Ọ̀pọ̀ oògùn àgbàlagbà ni ó ní ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ti ọmọdé, bí ara rẹ̀ bá ti wúwo tó ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni adrenaline, tí wọ́n ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lù mọ́. Àgbàlagbà a máa gba mílígíráàmù 1. Ọmọdé a máa gba mílígíráàmù 0.01 fún kílò kọ̀ọ̀kan; èyí ni pé ọmọ kílò 10 yóò gba 0.1. Bí àmì dẹ́símà bá yẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan péré, ọmọ náà ti gba ti àgbàlagbà, ìlọ́po 10 ohun tí ó tọ́ sí i. Ẹni tí ó ṣe àṣìṣe náà lè mọ ìṣirò dáadáa. Ìkánjú àti igbe òbí ni ó da ọkàn rẹ̀ rú.

Nítorí náà, ìbáwí nìkan kò tó. Ohun tí ó wúlò ni pé kí ìṣirò dín kù nígbà ìdààmú. Ní àwọn ọdún 1980, ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà James Broselow àti Robert Luten ṣe okùn ìwọ̀n aláwọ̀ oríṣiríṣi kan. Wọn a tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Àwọ̀ tí gìgísẹ̀ bá dé ni ó ń fi kílò tí ọmọ náà lè jẹ́ hàn, pẹ̀lú ìwọ̀n oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n gígùn nìkan kò lè sọ bí ọmọ ti rù tàbí bí ó ti sanra tó. Bí àyè bá wà, kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n sì kọ kílò nìkan sílẹ̀. Kílò 10 jẹ́ páùn 22. Ẹni tí ó bá ka 22 náà sí kílò yóò fún ọmọ ní oògùn tí ó ju ìlọ́po méjì lọ.

Ìkọ̀wé pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀: 0.5 ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe .5, 1 ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe 1.0. Kí ẹni tí ó pàṣẹ oògùn sọ ọ́ sókè, kí ẹni tí ó fà á sínú abẹ́rẹ́ tún un sọ, kí ẹlòmíràn sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo èyí ń gbà. Ọmọ ọwọ́ kò lè sọ pé oògùn náà pọ̀ jù.