Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì nínú igbó ìjọba: ibi tó yẹ kí táyà dúró sí ní Èkìtì

Bí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ oníbátìrì bá ti dé inú ọgbà ẹranko, ohun tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ṣé ó ń pariwo, ṣé ó ń rú èéfín? Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo, kò sì rú èéfín rárá, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè yẹn kò tíì kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe ariwo ẹ́ńjìnnì ló ń pa igbó jù. Ọ̀nà tí táyà là sínú rẹ̀ ni, àti bí ẹni tó gun táyà náà ṣe lè jìnnà tó kó tó rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ìjọba Èkìtì fàyè gba kẹ̀kẹ́ yìí ní Ìkógòsì, kó má sì jẹ́ kó dé àárín gbùngbùn igbó Ìsẹ̀. Kí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ náà tó pọ̀ lọ́jà.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀, nítorí orúkọ kan náà ni àwọn ènìyàn ń pè wọ́n. Kẹ̀kẹ́ ológeere oníbátìrì ṣì ní pẹ́dàlì. Mọ́tò kékeré kan ló ń ran ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, agbára mọ́tò náà kò gbọdọ̀ ju 250 watt lọ, kò sì gbọdọ̀ ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ mọ́ tí kẹ̀kẹ́ bá ti ń sá ju kìlómítà 25 ní wákàtí kan. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọgbà ẹranko gba mọ́tò tí agbára rẹ̀ kò ju 750 watt lọ. Ẹ fi ìyẹn wé alùpùpù Bajaj Boxer tó kún ojú títì Adó-Èkìtì, tí agbára ẹ́ńjìnnì èyí tó kéré jù nínú wọn tó nǹkan bí 6,000 watt. Ọ̀kadà oníbátìrì, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ M Auto, tó ń jẹ́ Spiro báyìí, gbé wọ Cotonou àti Lomé láti 2022, ẹgbẹ́ Boxer ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere. Ọlọ́kadà tí iná rẹ̀ bá fẹ́ tán yóò yà sí ibùdó, wọn yóò gba bátìrì tó ti gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò fún un ní èyí tó kún, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Òfin tó bá da méjèèjì pọ̀ nítorí pé iná ni wọ́n jọ ń lò yóò ṣe ọ̀kan nínú wọn níbi.

Amẹ́ríkà ti rìn ní ọ̀nà yìí ṣáájú wa, ó sì kọsẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2019, David Bernhardt, tó jẹ́ olórí ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀, pàṣẹ pé ibikíbi tí kẹ̀kẹ́ ológeere bá lè wọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí èyí tó ní bátìrì náà máa wọ̀ ọ́. Ìdí pàtàkì tó fà yọ ni pé kí àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí ara wọn kò dá ṣáṣá lè gbádùn ọgbà náà. Ìdí gidi ni. Ṣùgbọ́n àṣẹ ti jáde kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ohun tí yóò ṣe sí ẹranko àti ilẹ̀ wò. Àjọ tó ń ṣàkóso ọgbà ẹranko níbẹ̀ sọ àṣẹ náà di òfin ní 2020, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́, nígbà tó sì di oṣù karùn-ún 2022, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Washington sọ pé wọn kò ṣe àyẹ̀wò tó yẹ. Kò fagi lé òfin náà, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n padà lọ ṣe iṣẹ́ tí wọn kò ṣe. Èyí tó wú mi jù nínú ìtàn náà ni ti Acadia, ọgbà kan ní ìpínlẹ̀ Maine, níbi tí wọ́n ti gba irú kan ṣoṣo láyè lórí àwọn ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi òkúta ṣe: èyí tí mọ́tò rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ àfi bí ẹsẹ̀ bá ń wa pẹ́dàlì. Wọ́n wo ọ̀nà tí wọ́n ní, wọ́n sì yan kẹ̀kẹ́ tó bá a mu.

Bí a bá fi ojú yẹn wo Ìkógòsì, ìdáhùn kò nira. Ibẹ̀ kì í ṣe aginjù tí ènìyàn kò dé rí. Láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ti ṣe àgọ́ síbẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn ni àlejò ti ń lọ wo omi gbígbóná àti omi tútù tó ń ṣàn pàdé ara wọn. Ọ̀nà ọ̀dà gba Ìyìn, Ìgèdè àti Arámọkọ dé ibẹ̀, ìṣàn omi Arinta ní Ìpólé-Ìlórò kò sì jìnnà. Ohun tó ń dá ènìyàn dúró níbẹ̀ ni òkè. Kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó gùn ún, tí ìwọ̀n wọn jẹ́ 100 kílò, nílò nǹkan bí 27 watt-hour láti gun òkè tó ga ní mítà 100; ẹ jẹ́ ká pè é ní 40 nítorí ohun tó ń ṣòfò nínú mọ́tò. Bátìrì tó wọ́pọ̀ lára irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gba bíi 500. Nítorí náà ẹni ọgọ́ta ọdún tí orúnkún ń dùn lè gun àwọn òkè ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè láìmí gúlegúle, kó sì ṣẹ́ iná kù padà wálé.

Àwọn kan yóò ní iná NEPA dà tí a ó fi ṣáàjì rẹ̀? Ìbéèrè náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n iná tí kẹ̀kẹ́ kan ń jẹ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí páńẹ́lì sólà 300 watt kan fi lè mú bátìrì rẹ̀ kún láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta tí oòrùn bá ràn dáadáa. Láti 2024, lábẹ́ òfin iná mànàmáná tọdún 2023, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì ni àṣẹ ìṣàkóso ọjà iná tirẹ̀ ti wà, kò sì sídìí tí kò fi lè fún ibùdó sólà kékeré ní Ìkógòsì níwèé àṣẹ. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ni kí wọ́n má gbé síbẹ̀, nítorí èéfín tí a lé kúrò lójú ọ̀nà yóò kàn gba ẹ̀yìnkùlé padà ni.

Igbó Ìsẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn mìíràn pátápátá. Igbó ìjọba yìí, ní ìhà gúúsù Adó, wà lára ibi díẹ̀ tó ṣẹ́kù nílẹ̀ Yorùbá tí ìnàkí ṣì ń gbé, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní chimpanzee ti Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí nìkan ni ẹ̀yà náà wà ní gbogbo ayé, wọn kò sì pé 10,000 lápapọ̀. Abo ìnàkí kì í sábà bí ju ẹyọ kan lọ láàárín nǹkan bí ọdún márùn-ún. Bí ọdẹ bá pa méjì lónìí, ó lè gba ọdún mẹ́wàá kí abo kan tó bí àrọ́pò wọn. Oko àti iṣẹ́ agégi sì ti jẹ lára igbó náà, débi pé ohun tó ń dáàbò bo èyí tó kù jù ni pé ó ṣòro láti dé inú rẹ̀. Ẹ̀rí ohun tí ọ̀nà ń ṣe sí igbó wà ní Amazon: ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fi hàn pé bíi ìdá 95 nínú 100 ilẹ̀ tí wọ́n ti gé igbó rẹ̀ ni kò jìnnà ju kìlómítà márùn-ún àbọ̀ sí ojú ọ̀nà, tàbí kìlómítà kan sí odò. Ẹ́ńjìnnì tó dákẹ́ kò ní yí ìyẹn padà. Kódà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní ewu tirẹ̀. Ní 2016, ní Montana, ẹnì kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ lásán nínú igbó tó súnmọ́ ọgbà Glacier yà kọlu béárì lójijì, béárì sì pa á. Béárì náà kò gbọ́ pé ohunkóhun ń bọ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀kadà onípẹtiróòlù ń wọ igbó, ó ń gbé ẹran ìgbẹ́ àti pákó jáde, kí ló wá kan kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí kò tíì dé? Mo gbà pé ẹ̀tẹ̀ ni ọ̀kadà àti ẹ̀rọ ìgégi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń dín ọ̀kadà kù nínú igbó tí ẹ̀ṣọ́ kò ti pọ̀. Èkíní ni owó epo: láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun yọ owó ìrànwọ́, lítà kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì ti kọjá 1,000 nígbà tó di oṣù kẹwàá 2024. Èkejì ni ariwo tí ẹ̀ṣọ́ lè gbọ́ láti òkèèrè. Bátìrì ń mú àwọn ìdènà méjèèjì kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a kò bá tíì rí ọ̀kadà lé jáde, a kò gbọdọ̀ wá fi ohun tó dínwó tí kò sì dún rọ́pò rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo yọ sílẹ̀ nínú òfin tí mo ń dábàá yìí: ẹ̀ṣọ́ igbó. Ní gúúsù Áfíríkà, ilé-iṣẹ́ CAKE ti Sweden àti Southern African Wildlife College fi alùpùpù oníbátìrì ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, nítorí pé àwọn apẹran máa ń gbọ́ ti onípẹtiróòlù, wọn a sì sá. Ohun tó mú un wúlò fún ẹ̀ṣọ́ gan-an ló mú un léwu lọ́wọ́ apẹran, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì nínú igbó kan náà. CAKE wọ gbèsè tí kò lè san ní 2024, nítorí náà kí Èkìtì má ra ohun tí kò ní rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà ní Adó tàbí Àkúrẹ́. Kẹ̀kẹ́ mélòó kan tí mẹkáníìkì ìgboro lè tún ṣe, sólà lórí òrùlé àgọ́ ẹ̀ṣọ́, àti owó oṣù tó ń wọlé lásìkò fún àwọn tí yóò gùn ún: iye tí èyí yóò náni kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títún ọ̀nà kan ṣoṣo ṣe. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkìtì kọ gbogbo èyí sínú òfin igbó, kí wọ́n sì dárúkọ ibi tí ààlà wà lórí ilẹ̀, láti odò dé odò, kí àgbẹ̀ tó wà létí igbó lè mọ̀ ọ́n láìwo máàpù.