Kì í Ṣe Gbogbo Ìró Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Ló Ti Ọ̀dọ̀ Ṣọ́ọ̀kì Wá

Ẹsẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ Yorùbá ń pe gbogbo àkójọ irin, rọ́bà àti epo tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀. Bí oníbàárà bá wọ ọgbà mẹkáníìkì, tó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wo ọkọ̀ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún," kò sí ẹni tí yóò béèrè ohun tó ń wí. Orúkọ náà bá iṣẹ́ mu, nítorí ẹsẹ̀ ló ń gbé ara, òun náà ló sì ń rọ̀ nígbà tí ènìyàn bá fò láti ibi gíga balẹ̀. Inú èsì tó sábà máa ń tẹ̀lé e ni ìṣòro wà: "Ṣọ́ọ̀kì ti lọ nìyẹn." Owó á jáde, ṣọ́ọ̀kì méjì á wọlé, ìró náà á sì tún wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ohun tó fà á ni pé ṣọ́ọ̀kì tó ti gbó kì í sábà pariwo. Àwọn ẹ̀yà mìíràn ló ń pariwo. Ti ṣọ́ọ̀kì a máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, awakọ̀ a sì máa fara mọ́ ọn láìmọ̀, títí di ọjọ́ tó bá nílò bíréèkì ní kánmọ́kánmọ́.

Kí àyẹ̀wò tó lè tọ̀nà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya iṣẹ́ sípíríǹgì sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì. Sípíríǹgì ló ń gbé ìwúwo ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ tí sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rẹ̀ bá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí a bá yọ ṣọ́ọ̀kì kúrò nígbà tí táyà wà nílẹ̀, ọkọ̀ náà kò ní wó lulẹ̀. Orí sípíríǹgì ni yóò ṣì wà. Ṣùgbọ́n bí a bá tì í, yóò máa fò sókè sódò bí ọmọ tó ń ṣeré lórí bẹ́ẹ̀dì. Sípíríǹgì tí a tẹ̀ kò mọ bí a ti ń dúró. Yóò fò kọjá ibi tó yẹ kó dé, yóò tún padà wálẹ̀, yóò tún fò. Ṣọ́ọ̀kì ló ń pa ìfò yìí. Ọ̀pá irin dídán kan wà nínú rẹ̀ tí písítìn wà ní ìdí rẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ sì wà lára písítìn náà. Bí táyà bá gòkè tàbí tó sọ̀kalẹ̀, epo inú ṣọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ fún ara rẹ̀ gba inú ihò wọ̀nyí kọjá, kò sì rọrùn fún un. Ìnira yìí ló ń sọ agbára ìfò di ooru. Ìdí nìyí tí ara ṣọ́ọ̀kì tó ń ṣiṣẹ́ fi máa ń gbóná lẹ́yìn ìrìn àjò lórí ọ̀nà gbágungbàgun. Bí rọ́bà tó dí ẹnu rẹ̀ bá gbó, epo á jò. Bí ohun tó ń ṣí ihò tó sì ń pa á dé bá jẹ, epo á máa kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ọ̀nà méjèèjì, ṣọ́ọ̀kì á wà lójú kan náà, kò sì ní ṣe iṣẹ́ kankan mọ́.

Èdè àwọn mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà. Ní ọdún 1950, ilé iṣẹ́ Ford gbé ọkọ̀ Consul àti Zephyr jáde ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú irú ẹsẹ̀ iwájú tí ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, Earle S. MacPherson, ṣètò. Nínú ètò yìí, sípíríǹgì yí orí ṣọ́ọ̀kì ká, ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ sì di ọ̀pá tó di táyà mú lóòró. Òun ló wà níwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké lóde òní, títí kan àwọn Toyota Corolla tó kún títì Èkó àti Ìbàdàn. Odidi nǹkan náà, láti rọ́bà orí rẹ̀ tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì títí dé ìsàlẹ̀ níbi tí bóòtì ńlá méjì ti dè é mọ́ ìdí táyà, ni wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀kì. Nítorí náà, ẹni tó sọ pé ṣọ́ọ̀kì ti lọ lè má parọ́, kó má sì tíì sọ òótọ́ tó wúlò. Ó lè jẹ́ rọ́bà orí rẹ̀ nìkan ló ti jẹ, tàbí sípíríǹgì ló ti ṣẹ́.

Ní ti ìró, Yorùbá fún ẹni tó ń gbọ́ ọ ní irinṣẹ́ tó dára. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe bí nǹkan ti rí tàbí bó ti ń dún, ohùn òkè sábà máa ń bá ohun kékeré rìn, ohùn ìsàlẹ̀ a sì bá ohun ńlá rìn, bó ti hàn nínú róbótó àti ròbòtò. Oníbàárà tó ní ọkọ̀ òun ń dún kọ́-kọ́-kọ́ lórí àwọn ihò wẹ́wẹ́ kò sọ ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní ó dún gbì nígbà tó já sí kòtò. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í jẹ́ kí oníbàárà sọ ọ̀rọ̀ náà parí.

Kọ́-kọ́-kọ́ tó yára, tó fúyẹ́, tó ń jáde bí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, sábà máa ń ti ọ̀dọ̀ líńkéèjì wá. Èyí ni ọ̀pá kúkúrú tó so ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì. Líńkéèjì wà lára ohun tí owó rẹ̀ kéré jù nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló ń kó ẹ̀bi jù sórí ṣọ́ọ̀kì. Kí ẹnì kan mi ọkọ̀ náà sọ́tùn-ún sósì, kí ẹlòmíràn fi ìka kan orí líńkéèjì: bó bá ti jẹ, ìka á gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́. Gbì ẹyọ kan tó wúwo nínú kòtò ńlá túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ ti rìn dé òpin, tó sì ti lu rọ́bà ìdádúró. Níbí ni ẹ̀sùn kan ṣọ́ọ̀kì lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀sùn náà lè kan sípíríǹgì tó ti rọ̀ tàbí ẹrù tó pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, tàbí ìgbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ni ohun kan ń dún gbà lẹ́ẹ̀kan, bọ́ọ̀ṣì lọ́wà-áàmù ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi irin gígùn wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n wò. Ìró tó ń han bí ilẹ̀kùn àtijọ́ jẹ́ ti rọ́bà tó ti gbẹ. Bí ọkọ̀ bá sì dúró sójú kan, tí wọ́n ń yí sítíárìn, tí nǹkan ń ta pàù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bíárìn orí ṣọ́ọ̀kì ti le. Sípíríǹgì ń lọ́ mọ́ ọn, ó sì ń já gbà ara rẹ̀ lójijì.

Ìró kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré rárá, ìyẹn ti bọ́ọ̀lù jọ́ǹtì. Bí ó bá já, táyà á ká sábẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ á sì kúnlẹ̀ lójú títì. Kí wọ́n fi jáàkì gbé táyà kúrò nílẹ̀, kí wọ́n di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí wọ́n mì ín. Bí nǹkan bá ń ṣí, ó di kí ẹlòmíràn wo inú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù jọ́ǹtì ni tàbí bíárìn táyà. Bó bá jẹ́ pé apá ọ̀tún àti apá òsì táyà náà ni wọ́n dì mú tó fi ṣí, tai-rọ́ọ̀dù ni kí wọ́n fura sí.

Báwo ni a ṣe wá ń mọ ṣọ́ọ̀kì tó ti kú? Àyẹ̀wò tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé kí a fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kí a sì fi sílẹ̀. Ó yẹ kó gòkè, kó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, kó dúró. Bó bá ń jó lọ, ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n bí kò bá jó, ẹjọ́ kò tíì parí, nítorí ọwọ́ ènìyàn kò lè sáré tó bí táyà ti ń sáré lórí ọ̀nà gbágungbàgun. Ṣọ́ọ̀kì tó yege lọ́wọ́ lè kùnà lójú ọ̀nà. Nítorí náà, kí wọ́n wo ara rẹ̀: ìkùukùu epo fẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ epo tó ṣàn wálẹ̀ tí eruku lẹ̀ mọ́ kò ní àwíjàre. Kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà yíká. Táyà tí ṣọ́ọ̀kì kò dì mú ń fò, ó ń balẹ̀, ó sì ń jẹ ní abala-abala. Ọwọ́ á gbọ́ òkè àti ọ̀gbun lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ etí inú nìkan ló jẹ, àtúntò ìdúró táyà tí wọ́n ń pè ní aláínmẹ́ǹtì ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Imú ọkọ̀ tó ń rì jù nígbà tí a bá tẹ bíréèkì jẹ́ àmì mìíràn. Ibí sì ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀mí: bíréèkì kò lè dá táyà tí kò fara kan ilẹ̀ dúró. Lórí ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kú á gba ọ̀nà gígùn kó tó dúró, kódà bí bíréèkì rẹ̀ bá jẹ́ tuntun.

Ní England, Scotland àti Wales, ọkọ̀ àdáni tó bá ti pé ọdún 3 gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò MOT lọ́dọọdún, wọ́n sì máa ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀: bóyá ṣọ́ọ̀kì ń jò gan-an, bóyá ibi tí wọ́n dè é mọ́ ti ṣí, bóyá sípíríǹgì ti ṣẹ́. Sípíríǹgì tó ṣẹ́ wọ́pọ̀ níbẹ̀, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù máa ń jẹ irin, tí ihò ojú ọ̀nà á sì parí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n aláyẹ̀wò náà kì í tú nǹkankan. Ojú àti ọwọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí náà kò ṣèlérí pé ṣọ́ọ̀kì á lo ọdún kan sí i.

Ohun tí wọ́n lò ní òkè òkun tó tún wá di títà ní ilẹ̀ Yorùbá ní orúkọ tó gbayì: Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi, tó ti òkun bọ̀. Ní ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin àti ní Aráròmí, Agodi Gate, n'Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ wà fún ẹni tí owó tuntun bá ga jù fún, kò sì sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹni bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì wà lára ohun tí kò yẹ kí a rà ní tòkunbọ̀. Lọ́wà-áàmù tòkunbọ̀ ṣeé ràn lọ́wọ́: irin ni, bọ́ọ̀ṣì àti bọ́ọ̀lù jọ́ǹtì rẹ̀ sì ṣeé pààrọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Iye kìlómítà tí ṣọ́ọ̀kì ti rìn kò hàn lára rẹ̀. Àwọn tó ń rà á máa ń tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé, wọ́n á sì wò ó bóyá yóò jáde fúnra rẹ̀. Gáàsì inú rẹ̀ ló ń tì í jáde. Ìyẹn kò sọ nǹkankan nípa bí epo ti ń kọjá nínú ihò. Èyí tó tún burú jù ni rọ́bà tí àwọn kan ń kì sáàárín sípíríǹgì tó ti rọ̀ kí ọkọ̀ lè ga. Ọkọ̀ á ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá tí rọ́bà wà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, gbogbo wàhálà á sì bọ́ sí apá tó kù.

Bí a bá ti mọ̀ dájú pé ṣọ́ọ̀kì ni, méjì-méjì ni kí a pààrọ̀ rẹ̀, tọ̀tún tòsì, kí ẹsẹ̀ kan má baà le ju èkejì lọ. Jáàkì nìkan kò tó láti wọ abẹ́ ọkọ̀. Kí wọ́n gbé e lé ìdúró irin tó dúró gbọn-in. Nọ́ọ̀tì àárín tó wà ní orí ṣọ́ọ̀kì irú ti MacPherson ni ewu ńlá wà. Òun ló di sípíríǹgì tí wọ́n ti tẹ̀ mú, bí wọ́n bá sì tú u láì kọ́kọ́ fi irinṣẹ́ ìfún-sípíríǹgì fún un pọ̀, sípíríǹgì náà á ta bí ìbọn. Wáyà àti okùn kì í ṣe irinṣẹ́ ìfún-sípíríǹgì. Kí wọ́n tó de ṣọ́ọ̀kì tuntun, kí wọ́n gbé e dúró lóòró, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ wọlé nígbà bíi mélòó kan, kí afẹ́fẹ́ inú epo lè jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi páláyà di ọ̀pá dídán náà mú: ìhà kékeré kan lára rẹ̀ á máa gé rọ́bà ẹnu rẹ̀ títí yóò fi máa jò. Rọ́bà ìdádúró àti ìbòrí eruku kò wọ́n. Kí wọ́n fi tuntun sí i.

Bóòtì tó gba inú bọ́ọ̀ṣì kọjá kò gbọ́dọ̀ fún pinpin nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ lófuurufú. Kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kí ìwúwo rẹ̀ wà lórí táyà ná, kí wọ́n tó fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rọ́bà bọ́ọ̀ṣì á wà ní lílọ́ látìgbà náà lọ, yóò sì tètè ya. Lẹ́yìn náà ni aláínmẹ́ǹtì, nítorí bóòtì méjì tí wọ́n tú ní ìsàlẹ̀ ti lè yí ìdúró táyà padà. Bí sítíárìn bá ṣì ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, tí kò sì sí àmì lára táyà pé apá kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà, kí wọ́n gbé táyà iwájú ti ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún, kí wọ́n sì wà á padà. Bí ìfà náà bá yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, táyà ló ni ẹjọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀.