Agbára Ọ̀dọ́ Kì í Ṣe Wèrè: Ohun Tí Ìwádìí Fi Yé Wa Nípa Ìpáǹle, Ìlera Ọpọlọ àti Ìwà Ipá

Ẹni tó bá ti wo ọdún Ẹpa rí ní agbègbè Òsí tàbí Odò-Ọwá yóò mọ̀ pé eré ọmọdé kọ́. Odindi igi ni wọ́n gbẹ́ di ère jagunjagun lórí ẹṣin, tàbí ti ìyá ọlọ́mọ tí àwọn ọmọ yí ká. Ó lè wúwo ju kílò 20 lọ. Ọ̀dọ́kùnrin ló ń gbé e sórí, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ fò gun orí òkìtì lójú gbogbo ìlú, kí ère má sì já lulẹ̀. Bí ó bá dúró ṣinṣin, ìlú á hó yèè. Agbára tí ì bá fi da ìlú rú ni ìlú gbé ẹrù lé lórí yẹn.

Ọ̀dọ́kùnrin abẹ́ Ẹpa yìí ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa ìwà ipá láàrin àwọn ọ̀dọ́. Agbègbè Èkìtì àti Òkè-Èrò ní Ìpínlẹ̀ Kwara, láti Òsí títí dé Ìlọ́fà, kò ṣàjèjì sí ìwà ipá mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn ya wọ ààfin Koro, wọ́n pa Olúkoro, Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, wọ́n sì jí aya rẹ̀ gbé lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn tún ya wọ ilé ìjọsìn kan ní Eruku, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì kan náà. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó olùjọsìn 38 lọ sínú igbó kí àwọn wọ̀nyí tó gba ìtúsílẹ̀.

Èmi kò sọ pé ọ̀dọ́ àdúgbò ló ṣe é. Ohun tí mo ń sọ ni pé irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tán lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó gbọ́ ìró ìbọn lóru lè má sùn dáadáa mọ́. Àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ìfura wo ọ̀dọ́ tó jókòó sí ìkóríta. Kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ya wèrè." Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni?

Ìtìjú tó ń pa ìtọ́jú lára

Ní ọdún 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Ènìyàn 2,040 ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀ Yorùbá. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó lé ní 96 tó gbà pé eléwu ni ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà, nítorí pé ó lè ṣe ènìyàn léṣe. Nǹkan bíi 83 ní ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Nǹkan bíi 17 péré ló lè gbà láti fẹ́ ẹ.

Ohun tí ìwádìí káàkiri àgbáyé fi hàn yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà kì í lu ẹnikẹ́ni. Àwọn gan-an ni wọ́n sábà máa ń lù, tí wọ́n ń sọ lókùúta, tí wọ́n ń dè mọ́lẹ̀. Ewu máa ń pọ̀ sí i nígbà tí àìsàn tó le kò bá rí ìtọ́jú, tí ọtí tàbí oògùn olóró sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń hùwà ipá kì í ṣe wèrè. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ló ń ru ìbànújẹ́, ìpayà tàbí ìrántí ìyà tí wọn kò rí ẹni sọ fún.

Èdè wa kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún un. A ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, a ní ìpòrúurù ọkàn, a sì máa ń sọ pé "orí mi ń gbóná." Ní ọdún 1960, dókítà Raymond Prince kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí ìwé kò sì wọ orí wọn mọ́ bí wọ́n bá ń kàwé. Àìsàn gidi ni wọ́n ń ṣàròyé rẹ̀, ní èdè tí ilé wọn fi kọ́ wọn. Lónìí, bí ọmọ bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, a óò ní kó lọ sùn. Ọjọ́ tó bá fọ́ ìgò mọ́ ẹlòmíràn lórí la óò tó pariwo. Ìwádìí mìíràn tí Gureje kópa nínú rẹ̀, tó jáde ní ọdún 2006, fi hàn pé nínú àwọn tí àìsàn ọpọlọ bá jà láàrin ọdún kan ní Nàìjíríà, àwọn tó rí ìtọ́jú kò tó ẹnìkan nínú mẹ́wàá. Ìtìjú wà lára ohun tó sé ọ̀nà mọ́ àwọn yòókù.

Àlàfo tó wà láàrin ọmọdé àti àgbà

Ní ìlú Dunedin lórílẹ̀-èdè New Zealand, àwọn olùwádìí ti ń tọpa àwọn ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n bí láàrin ọdún 1972 sí 1973. Nínú ìwé tí Terrie Moffitt, ọ̀kan lára wọn, kọ ní ọdún 1993, ó pín àwọn ọ̀dọ́ tó ń hùwà ìpáǹle sí ọ̀nà méjì. Àwọn díẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, wọn kì í sì í tètè jáwọ́. Àwọn tó pọ̀ jù bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bàlágà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nígbà tí wọ́n dàgbà.

Kí ló ń mú ẹ̀yà kejì yìí bẹ̀rẹ̀? Moffitt ní àlàfo kan wà. Ara ọmọ ti di ti àgbà, ṣùgbọ́n ìlú kò tíì fún un ní ipò àgbà: kò ní iṣẹ́, kò ní owó, a kì í sì pè é sí ìmọ̀ràn. Ó wá wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń mu igbó, tó ń jà, tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, ó sì rò pé ìyẹn ni ọkùnrin. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ òkùnkùn ti ń rí ọmọ mú. Tẹ oògùn olóró, lílé kúrò nílé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀wọ̀n mọ́ ọn, ẹni tí ì bá jáwọ́ lọ́dún díẹ̀ á há sínú ìdẹkùn. Ìdẹkùn náà kò sì jìnnà: ìwádìí ìjọba tí wọ́n ṣe lórí oògùn olóró fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn tó wà láàrin ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà ló lo oògùn nílòkulò láàrin ọdún kan.

Ọ̀rọ̀ àti owó ní Monrovia

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí náà ni ọ̀kan lára àwọn ìwádìí tó fún ni nírètí jù ti wáyé. Lẹ́yìn ogun Làìbéríà, Christopher Blattman, Julian Jamison àti Margaret Sheridan ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan ní Monrovia tí Johnson Borh jẹ́ olórí rẹ̀. Wọ́n wá ọkùnrin 999 tó ń jalè, tó ń ta oògùn olóró, tó sì ń jà kiri. Wọ́n ṣẹ́ kèké láti pín wọn sọ́nà mẹ́rin. Àwọn kan ṣe ìpàdé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: bí a ti ń kó ìbínú níjàánu, bí a ti ń wéwèé ọjọ́ iwájú, bí a ti ń múra bí ọmọlúàbí. Àwọn kan gba 200 dọ́là. Àwọn kan gba méjèèjì, àwọn yòókù kò gba nǹkan kan.

Lẹ́yìn ọdún kan, ipa owó nìkan ti pòórá, ti ọ̀rọ̀ nìkan náà sì ti dín kù. Àwọn tó gba méjèèjì ló dúró. Nígbà tí wọ́n tún padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, olè jíjà àti irú ìwà bẹ́ẹ̀ láàrin wọn ṣì kéré ní nǹkan bí ìdajì sí ti àwọn tí kò gba ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ nìkan kò tó, owó nìkan kò sì tó. Ìgbà tí ìyípadà ọkàn bá rí iṣẹ́ dì mú ni kì í yẹ̀.

Ohun tí a ti ní tẹ́lẹ̀

Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí yé àwọn ará Òsí àti Odò-Ọwá ju ẹnikẹ́ni lọ. Òsí ni Àrẹògún, gbẹ́nàgbẹ́nà tí àwọn ère rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun, ti ṣiṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ Bándélé náà di gbẹ́nàgbẹ́nà, Bándélé sì kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ní agbègbè Odò-Ọwá ni Bámigbóyè ti gbẹ́ àwọn Ẹpa ńláńlá tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn wọn ní ọdún 2022. Ọmọ-iṣẹ́ tó bá jókòó ti irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kì í kọ́ bí a ti ń di àáké mú nìkan. Ó ń kọ́ sùúrù, ó ń gbọ́ ìbáwí, ó sì ń rí àgbà tó mọ̀ ọ́n ní orúkọ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ ló ń gbà pọ̀.

Dókítà Adéoyè Lambo náà mọ agbára àwùjọ. Láti ọdún 1954, ó fi àwọn aláìsàn Aro ní Abẹ́òkúta wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, wọ́n sì ń bá ènìyàn gbé. Ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Lambo di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti òbí, bí ọmọ tó máa ń ṣàwàdà bá ṣàdédé dákẹ́, tí kò sùn, tí kò jẹun, tí ìbínú rẹ̀ kò ní ìwọ̀n, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má dúró de ìjà. Ẹ jókòó tì í kí ẹ tó bá a wí. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ìlọrin. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, Nàìjíríà ti ní òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tó rọ́pò òfin wèrè àtijọ́, ó sì ka aláìsàn sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́. Bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù, oko tàbí gáréèjì, ẹ gba ọmọ-iṣẹ́ kan síbẹ̀, kí ẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹrù bá wúwo jù, ẹ sọ ọ́ jáde. Ẹni tó gbé Ẹpa kì í dá lọ sójú agbo. Àwọn kan ló ń rìn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi gun òkìtì.