Bí A Ṣe Ń Mú Ẹran Lọ Sọ́dọ̀ Oníṣègùn

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ti oògùn, bí kò ṣe ti ọwọ́ tí ó di ẹran mú kí oògùn tó kàn án lára. Ẹni tí ó bá dúró ní ẹ̀bá títì Ìkòròdú ní Ọjọ́ta yóò rí adìẹ tí a so lẹ́sẹ̀, tí a dorí wọn kodò, àti ewúrẹ́ tí a dì tọwọ́tẹsẹ̀ sórí ọkọ̀, tí wọ́n ń ti ọjà Kétu àti Máìlì 12 bọ̀. Báyìí náà ni a ń gbé wọn dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹran, tí a sì ń retí pé kí ó wò wọ́n sàn.

Awọ tí ó pààlà sáàárín àyà àti ikùn ènìyàn, èyí tí ń bá wa mí, kò sí lára adìẹ. Nígbà tí a bá dorí rẹ̀ kodò, ìfun àti ẹ̀dọ̀ a tẹ ibi tí èémí ń gbà, mímí a sì di ìnira fún un. Ewúrẹ́ ní tirẹ̀ jẹ́ ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ. Oúnjẹ inú rẹ̀ a máa hó bí ọtí, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ẹnu jáde. Bí a bá dì í, tí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò ní lè gùfẹ̀ dáradára. Ikùn rẹ̀ a wú, ó sì lè kú. Olówó rẹ̀ a sì máa fura sí aládùúgbò!

Ti ajá ni ó kàn wá jù. Ajá kì í làágùn lára bí ènìyàn. Ẹnu ni ó ń yà, tí ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, kí ara rẹ̀ lè tutù. Nítorí náà oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ a di ẹnu rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí abẹ́rẹ́ fi ń wọlé, a sì tú u. Ṣùgbọ́n ajá tí a lù, tí a sì wọ́ nílẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọdún yìí, kì í gbàgbé. Ní ọdún tí ń bọ̀, bí ó bá ti rí okùn, yóò sá. Ajá tí a kò rí mú ni kò gba àjẹsára. Òun ni dìgbòlugi lè mú, ọmọ tí ń ṣeré lágbàlá ni yóò sì bù jẹ.

Láti 1924 ni ilé ìwádìí àrùn ẹran ti wà ní Vom, nítòsí Jos, níbi tí a ti ń ṣe àjẹsára àrùn yìí. Bí 70 nínú 100 ajá àdúgbò bá gbà á, àrùn náà kò ní lè ràn kálẹ̀. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ kí ó yè. Nítorí náà, ẹni tí ajá bù jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹni tí ajá mọ̀ ni kí ó mú un wá, ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ó sì ní ẹran díẹ̀ lọ́wọ́ tí yóò fún un lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Kí ewúrẹ́ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀, kí adìẹ sì wà nínú agbọ̀n tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá.